Mo Sọ fún Ẹ̀rọ Kó Má Bi Mí

Òórùn ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì wa lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Kì í ṣe òórùn ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sára ògiri o, ìyẹn dùn díẹ̀. Tiwa ki, ó sì mú, bíi kí ènìyàn da kẹrosíìnì sínú epo tó ti jóná, ó sì máa ń bá wa délé. Inú irun wa ló ń sùn. Ní yàrá tí mo háyà ní Àtàn, bí mo bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni ìyá onílé á ti ní, "Ọ̀dà ti dé o." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gbogboǹṣe, mo sì rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n ní gbogbo Sàngó-Ọ̀tà. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ náà ò sàn jù mí lọ nígbà yẹn.

O ti bi mí rí, ọ̀rẹ́ mi, ìdí tí mo fi máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi bí kọ̀ǹpútà bá béèrè nǹkan tí wọ́n sì yára tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láì kà á. O ní ọjọ́ ogbó ti ń yọjú. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ lónìí, kó lè kúrò lọ́kàn mi. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yẹn, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí eruku, bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá àgbà pàápàá ń bọ́ tirẹ̀. Fojú inú wò ó ná, èmi ọmọdébìnrin tí àwọn àgbààgbà ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀! Orí mi wú. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ mọ́.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun ayé ìgbà náà. Náírà ti wó, ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò bọ̀ mọ́, bó bá sì bọ̀, ọwọ́ ò tó o. Àwọn èròjà tí a fi ń po ọ̀dà wọ́n bí ojú. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wa mẹ́ta di méjì, méjì di ọ̀kan. Ìṣe wọn ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣáá, wọ́n á kàn lẹ bébà mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹni tó bá ti rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Mo rí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ tó jókòó sínú yanrìn níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀wù nu ojú. A kọjá lára rẹ̀, a wọlé, a ò lè wò ó.

Bàbá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Aláwọ̀. Ọmọ Ìwó ni, Ìtẹ̀lé ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Òun ló ń po àwọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí èròjà òkè òkun dáwọ́ dúró, tí àwọn mìíràn ń káwọ́ lérí, Bàbá ló wá ọ̀nà mìíràn: amọ̀ funfun, ilẹ̀ pupa, èédú lílọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn èròjà òyìnbó tó kù ní sítọ́ọ̀. Agolo mílíìkì ló fi ń bù ú. Á bu èyí, á bu ìyẹn, á máa rò ó, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á wò ó títí, á ní, "Ó tó." Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń mọ̀ pé ó tó. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn alápòpọ̀ àtijọ́ ṣe ń ṣe. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń kọ́ ọ níṣẹ́, èyí tó ṣe pàtàkì jù máa ń ṣẹ́kù sí wọn níkùn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó ti ń fọwọ́ wá agolo lórí tábìlì. Ọ̀gá àgbà rí i, ó pè mí, ó ní, "Bá a jókòó, kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé àwọ̀ yẹn bá pé, ojú ẹ̀ ìbáà fọ́, màá sọ pé òun ló máa kọ́ àwọn tó kù. Bí ò bá sí ìwé, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará Èkó?" Àwọn ará Èkó ni àwọn tó ni ilé-iṣẹ́, àwọn ló ń fi orúkọ tí wọ́n ń lẹ mọ́ pátákó ránṣẹ́.

Bàbá kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun kò sọ fún ọmọ bíbí inú òun ni òun fẹ́ wá sọ fún páálí oníná. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú yàrá tó ti ń po àwọ̀ yẹn, mo ní, "Bàbá, orí ènìyàn lè gbàgbé, bébà lè jóná, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé." Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fi ìdánilójú sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, mo gbọ́." Orúkọ tó fi ń pè mí títí dópin nìyẹn.

Bí oṣù mẹ́wàá la fi ṣe é. Kí Bàbá tó bu nǹkan kan sínú garawa, màá gbé agolo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, bó bá ti dà á tán, màá tún gbé e. Ẹ̀yìn bébà àlòkù ni mo ń kọ iye rẹ̀ sí. Bó bá ti ní "Ó tó," màá sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, màá wá fún bébà náà pọ̀, màá sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Kí ni mo tún fẹ́ fi bébà ṣe? Bàbá alára ò mọ iye kankan, ojú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fún àwọn àwọ̀ náà lórúkọ, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe pè é: Ilẹ̀ Ọ̀nà Ìtẹ̀lé, Ẹyin Awó, Ọbẹ̀ Àná. Mọ́kànlélógójì ni gbogbo wọn. Èyí tó kẹ́yìn ló pè ní Aṣọ Ìyàwó Mi.

Ọjọ́ márùn-ún gbáko la lò lórí èyí. Aró kan ni. Ó ní kì í ṣe aró dúdú, kì í sì í ṣe ti ojú ọ̀run, pé aṣọ tí ìyàwó òun ró lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i lẹ́bàá odò Ọbà ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣì rántí?" Ó ní, "Ojú ló ń lọ, ìyẹn ò lọ." Ó ń gbé igi tó fi ń ro ọ̀dà sún mọ́ ojú tó fi jẹ́ pé ó máa ń kàn án nímú, á mì orí, á tún bù sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wò ó, ó wò ó, omi lé ròrò sí i lójú, ó ní, "Ó tó." Láti ọjọ́ náà lọ, kò lè mọ ìyàtọ̀ aró sí dúdú mọ́. Ó jọ pé ohun tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀ ló fi wá àwọ̀ yẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bákọ́ọ̀pù. O mọ̀ ọ́n, kí ènìyàn da ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kọ síbòmíràn kó lè rí i dá padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, díísìkì pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ la fi ń ṣe é, inú agolo bisikíìtì ni mo sì ń kó wọn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ gbogbo inú ẹ̀rọ sórí wọn, pẹ̀lú fáìlì Bàbá, tó jẹ́ pé àwọ̀ mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀ lákòókò yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni díísìkì dàwátì. Wọ́n ní kí n ṣẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi lò. Mo bá ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò bákọ́ọ̀pù náà, mo yọ àwọn fáìlì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí yóò máa kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo fi ìwé àwọn oníbàárà àti ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ nìkan sílẹ̀. Mo yọ ti Bàbá. Mo ní bí ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti dé, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ríbọ́ọ̀nù wa ti gbẹ láti ìgbà òjò, wọn ò rí òmíràn rà.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọ̀gá àgbà wa dé láti Èkó pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lápò. Ó ní àwọn ará Èkó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ìwé àwọ̀ ti wà lórí tábìlì òun kí wọ́n tó dé. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá bẹ̀ mí pé kí n dúró di Sátidé, nítorí pé òun ń lọ kírun Jímọ̀, òun sì fẹ́ jókòó tì í kí òun gbọ́ bó ṣe ń jáde. Mo ní kò séwu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ìwé àwọn oníbàárà kọ̀, kò ṣí. Ó ti bàjẹ́. Àyà mi ò tiẹ̀ já, kí ni mo ń ṣe bákọ́ọ̀pù sí? Mo gbé agolo bisikíìtì mi jáde, mo ti díísìkì àkọ́kọ́ bọ ẹ̀rọ, mo ní kó dá gbogbo nǹkan padà, láti èyí tí mo kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ dé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: fáìlì yìí ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, ṣé kí n fi ti orí díísìkì rọ́pò rẹ̀? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún béèrè lórí òmíràn. Fáìlì tó lé ní igba ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ béèrè lé lórí. Mo tẹ̀ títí, ó sú mi. Epo inú jẹnẹrétọ̀ ti ń tán lọ, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó kù ti ń fun fèrè ní géètì, bó bá sì já ọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi wá ọkọ̀ dé Àtàn.

Mo jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣètò bí yóò ṣe dá nǹkan padà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Èkíní, kó máa béèrè kó tó rọ́pò. Èkejì, kó rọ́pò kìkì èyí tí ti orí díísìkì bá tuntun ju ti inú ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀kẹta, kó rọ́pò gbogbo rẹ̀ láì béèrè. Mo wo èkejì, mo ní kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ìwé oníbàárà tó bàjẹ́ yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ kọ sí i lára, òun ló tuntun jù, kò ní fọwọ́ kàn án. Èkíní ni ì bá dára, ká ní mo ní sùúrù ìdajì wákàtí. Fèrè tún dún. Mo mú ẹ̀kẹta. Mo sọ fún ẹ̀rọ kó má bi mí mọ́, kò sì bi mí mọ́. Ìwé oníbàárà ṣí wẹ́rẹ́. Mo sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì, inú mi dùn sí ara mi débi pé mo ń kọrin lábẹ́ ètè.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó fi kírun Jímọ̀ àná. Mo fi ríbọ́ọ̀nù sí i, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ìgbà tí wọ́n ń gé páànù, Bàbá sì ń mi orí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Bébà kìíní jáde. Èkejì dé ìdajì, ó dákẹ́.

"Ríbọ́ọ̀nù ló tán?" Bàbá bi mí.

"Rárá, Bàbá."

"Iná ló lọ?"

"Iná wà, Bàbá."

Ó fetí sí i díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ó kéré, Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo bá ọ sọ ju báyìí lọ."

Háà! Mo ṣí fáìlì náà. Àwọ̀ mẹ́fà. Mo tún un ṣí, mo wá gbogbo inú ẹ̀rọ, mo ti díísìkì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà náà ni. Ti àtijọ́ ti gorí ti tuntun, ó sì ti jẹ ẹ́ run. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn dòní ni pé kò sí ohun tó ṣe fáìlì Bàbá tẹ́lẹ̀ o. Iná tó lọ ò bà á jẹ́. Digbí ló wà níbẹ̀, títí èmi fi wá fi ọwọ́ ara mi dá nǹkan padà lé e lórí.

Mo dojú bolẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. N kò mọ̀ bóyá ó yé e. Ó ní, "Dìde. Gbé agolo wá." A lọ sí yàrá tó ti ń po àwọ̀. Ó bù, ó rò ó, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, "Ó pupa tó, àbí ó ti ń dúdú?" Mo ní ó pupa. Ó ní, "Bíi ti tẹ́lẹ̀?" Mo ní ó jọ ọ́. Kò dá mi lójú. A fi ìméfò bẹ́ẹ̀ ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ohun tó bá sọ nísinsìnyí, á yí i padà láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ká ṣe aró yẹn. Ó bù, ó bù, ó rò ó, ó nà án sí mi. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ojú rẹ nìkan la ní báyìí. Ṣé bó ṣe rí nìyí?"

Mo wò ó, n kò mọ̀. Òṣùwọ̀n ni mo ń wò ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn. N kò wo àwọ̀ náà rí kí n rí i. Bàbá gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́, ó rọra gbé agolo kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù Jímọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó tó."

Lọ́jọ́ Ajé, nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ọ̀gá àgbà mú bébà méjì náà dání, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Gbogbo ẹ̀ nìyí? Oṣù mẹ́wàá?" Ara mi ni ojú rẹ̀ wà. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Bàbá ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má bá ọmọ yìí wí. Gbogbo ohun tí mo sọ fún un ló kọ. Èmi ni mo fi ìyókù pamọ́." Ọ̀gá àgbà gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Alápòpọ̀ àtijọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó bínú, ó ní òun gbìyànjú fún un, Bàbá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé rẹ̀. Bàbá kàn ń tẹrí ba. Èmi ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, n kò sọ̀rọ̀. Má ṣe bá mi wá àwáwí, mo ti wá a tì.

Orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó kí oòrùn tó wọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dé géètì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n padà lọ sọ fún wọn." Ó fún ọwọ́ mi pinpin. "Àwa méjèèjì ò lè jókòó sílé," ó ní. "Ojú tèmi ti lọ. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ." Ó wọ bọ́ọ̀sì, n kò sì lọ kí i ní Ìtẹ̀lé rí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ojú ló ń tì mí.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó gbọ́ pé ó ti kú. Mo lọ síbi fídáù rẹ̀. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà, mo bọ́ tèmi sí àárín wọn, mo wọlé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹní, obìnrin kékeré kan báyìí, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo kúnlẹ̀, mo ní ibi iṣẹ́ Bàbá ni mo ti wá. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni Ìyá Kọ̀ǹpútà?"

Mo ní èmi ni.

"Kò yéé dárúkọ rẹ. Ó ní o bá òun kó gbogbo iṣẹ́ òun pamọ́ síbi tí kò ti lè sọnù." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì láti béèrè. "Ó ní òun fi aṣọ mi ọjọ́sí síbẹ̀, èyí tó jẹ́ aró. Aṣọ yẹn ti gbó tipẹ́. Ọmọ mi, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Bàbá ò sọ fún un. Ó gbé e lọ sínú sàréè, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Ojú obìnrin yẹn wà lára mi, mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá. Digbí ló wà." Ó ṣe alihamdulilahi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní parun láyé. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹ̀rọ bá bi mí léèrè báyìí, mo máa ń gbé ọwọ́ kúrò ná, màá kà á tán, àwọn ọmọdé á máa wo ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mo rò nígbà yẹn pé ìpamọ́ ni iṣẹ́ mi, èmi tí n kò tiẹ̀ wo ohun tí mo ń pa mọ́. Iye kan ṣoṣo ni mo ṣì rántí nínú àwọ̀ yẹn: amọ̀ funfun, agolo mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo mọ. Bí mo bá rí obìnrin tó ró aṣọ aró lójú títì, mo máa ń dúró, màá wò ó dáadáa, wọ́n á rò pé mo mọ̀ wọ́n níbì kan. Mo ń wò ó bóyá òun ni, n kò sì lè mọ̀.